Kí ló dé tó jẹ́ rédà àti ọkọ̀ ojú omi làwọn Júù ń fi bọ́ǹbù fọ́ ní Palẹstínì nígbà ayé Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó máa ń kàwé ìtàn pọ̀ níbí. Mo ń kà nípa ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣèjọba lé Palẹstínì lórí, lẹ́yìn tí ogun Hitler parí lọ́dún 1945, pé àwọn ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ àwọn Júù máa ń yọ́ jáde lóru lọ fi bọ́ǹbù ba nǹkan ìjọba jẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni irú nǹkan tí wọ́n ń lọ bà jẹ́ yẹn. Kì í ṣe ilé gómìnà, kì í ṣe báńkì. Ilé rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ni, àgọ́ ọlọ́pàá etí òkun ni, ọkọ̀ kéékèèké tí ọlọ́pàá fi ń ṣọ́ omi ni, àtàwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó èèyàn. Kí ni wọ́n rò pé ó máa yọrí sí? Ìjọba tó ní ọkọ̀ ogun tó tó yẹn, tó o bá fọ́ rédà kan lónìí ṣé kò ní gbé òmíràn wá lọ́la ni?

Ìkejì, mo rí orúkọ ọkọ̀ kan, Patria, tí wọ́n ní ó rì sí èbúté Haifa, àwọn Júù fúnra wọn ló sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kú. Ta ló ṣe ìyẹn? Ìkẹta, ṣé lóòótọ́ làwọn bọ́ǹbù yìí ló lé òyìnbó lọ? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹ má kàn ní kí n lọ wò ó ní Google, mo ti lọ, ohun tí mo rí pọ̀ ṣùgbọ́n kò so pọ̀.

Tíṣà Ìtàn:

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti May 1939, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Oṣù yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní White Paper, Malcolm MacDonald ló jẹ́ mínísítà tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Ìwé yẹn ní láàárín ọdún márùn-ún, Júù 75,000 péré ló lè wọ Palẹstínì, tí ọdún márùn-ún bá sì ti pé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ àfi táwọn Lárúbáwá ibẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Wo ìgbà tí wọ́n gbé e jáde o. September ọdún yẹn gan-an logun bẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí àwọn èèyàn yìí ń wá ibi tí wọ́n máa sá gbà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Kí o tó lè mọ bí inú ṣe ń bí wọn, ka nípa ọkọ̀ Struma. Ọkọ̀ gbígbó kan tó kó èèyàn tó lé ní 760 láti Romania, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́, ó jókòó sí Istanbul fún oṣù méjì gbáko, Gẹ̀ẹ́sì ò fún wọn ní ìwé ìwọlé, Turkey náà ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ náà padà sí Òkun Dúdú láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ní February 24, 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Rọ́ṣíà yìnbọn lù ú, ó sì rì. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè nínú gbogbo wọn, David Stoliar lorúkọ rẹ̀. Gbogbo Júù tó wà ní Palẹstínì ló mọ ìtàn yẹn, àwọn ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ogun wá parí. Àwọn Násì ti pa Júù mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn tó ṣẹ́ kù kún inú kámpù ní Jámánì, Austria àti Ítálì, kódà àwọn kan ń gbé ní Bergen-Belsen, ibi tí àwọn Násì ti ń fi ebi àti àìsàn pa wọ́n tẹ́lẹ̀. Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà ní kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí 100,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ní 1,500 lóṣù, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún mélòó ni 1,500 lóṣù máa gbà kó tó tó 100,000? Ó ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn èèyàn yìí sì wà nínú kámpù.

Ìyẹn ló fà á tí ẹgbẹ́ Haganah, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ológun abẹ́lẹ̀ tó tóbi jù láàárín wọn, fi ń ra ọkọ̀ àlòkù kiri, tí wọ́n ń kó èèyàn láti Ítálì àti Faransé àti Gíríìsì wá láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka tó ń ṣe ìyẹn ni Mossad LeAliyah Bet, Shaul Avigur ni olórí rẹ̀. Ẹ̀ka míì tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ ológun ni Palmach, Palmach náà sì ní ẹ̀ka ojú omi tiẹ̀ tó ń jẹ́ Palyam. Gẹ̀ẹ́sì náà gbé gbogbo agbára lé dídá àwọn ọkọ̀ yìí padà. Rédà wà lórí òkè tó ń wo òkun, ọkọ̀ òfúrufú ń fò, ọkọ̀ ogun ń yí ká, ọlọ́pàá etí òkun ń ṣọ́ yanrìn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ nìyẹn. Ojú ìjọba ni rédà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá tó ń kó wọn lọ, ikùn rẹ̀ sì ni kámpù tó ń gbé wọn mì. Tó o bá wo ohun tí Palmach fọ́ dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí.

Ikùn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Ní òru October 9 mọ́jú 10, 1945, wọ́n ya wọ kámpù Atlit, níhà gúúsù Haifa, tí Gẹ̀ẹ́sì ń há àwọn tó wọlé láìgbàwé mọ́, wọ́n sì kó àwọn 208 tí wọ́n há mọ́bẹ̀ jáde. Nahum Sarig ló ṣáájú, igbákejì rẹ̀ ni ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlélógún kan tó ń jẹ́ Yitzhak Rabin, ẹni tó wá di olórí ìjọba Ísírẹ́lì lẹ́yìn náà. Wọ́n ti fi àwọn èèyàn tiwọn ránṣẹ́ wọ kámpù náà ṣáájú bíi tíṣà, àwọn yẹn sì ti ba ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ́ láti inú, ẹ̀ṣọ́ ń fa ìbọn, ìbọn ò dún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an wá dé, torí arúgbó àti ọmọ kéékèèké wà nínú àwọn tí wọ́n kó jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gun òkè Kámẹ́lì lóru, òkè Kámẹ́lì tí Èlíjà ti pe iná sọ̀ kalẹ̀ yẹn o. Rabin fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé òun gbé ọmọ kan kọ́ èjìká, ẹ̀rù ń ba ọmọ náà débi pé ó tọ̀ sí òun lára, òun kàn ń bá ìrìn lọ ni. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Haifa ló tú jáde lọ sí abúlé Yagur àti Beit Oren tí wọ́n kó wọn lọ, wọ́n dà pọ̀ mọ́ wọn, sójà Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ́ ará ìlú àtẹni tó ti kámpù sá wá.

November 1 ọdún yẹn kan náà ni wọ́n lọ bá ẹsẹ̀. Òru yẹn ni wọ́n fọ́ ojú irin rélùwéè níbi 153 káàkiri ilẹ̀ náà, orúkọ tí wọ́n sọ òru ọ̀hún náà ni Òru Rélùwéè, ṣùgbọ́n nínú òru kan náà ni àwọn ọmọ Palyam ri ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta, méjì ní Haifa, ọ̀kan ní Jaffa, Jọ́pà tí Jónà ti wọkọ̀ nínú Bíbélì nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ ti rélùwéè nìkan torí òun ló pọ̀. Èmi gbà pé ọkọ̀ mẹ́ta yẹn ló sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Níparí oṣù yẹn, Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Berl Katznelson nígbà tó ti já èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, Palmach fọ́ àgọ́ ọlọ́pàá etí òkun ní Givat Olga àti Sidna Ali. Sójà wá tọpa wọn dé àwọn abúlé tó wà nítòsí, àwọn ará abúlé di ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n yìnbọn, àwọn èèyàn kú. Givat Olga yẹn, wọ́n tún un kọ́, ní January 1946 Palmach tún padà wá fọ́ ọ. Rédà tó wà lórí òkè Kámẹ́lì náà, wọ́n gbé bọ́ǹbù síbẹ̀ ní January, Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n tú u palẹ̀. Ní February 20 wọ́n padà lọ, lọ́tẹ̀ yìí ó bú.

Torí náà òótọ́ lo sọ, wọ́n lè gbé rédà míì wá. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ní gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti lé ọkọ̀ kan, kí gbogbo ayé gbọ́ pé ìdí tí wọ́n fi fọ́ nǹkan báyìí ni pé wọ́n lé ọkọ̀ báyìí.

Màmá Ṣadé:

Tíṣà ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á máa fún yín ní okun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Patria torí mo ti ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, mo sì sunkún.

November 1940 ni. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta ló gbé àwọn èèyàn wá láti Yúróòpù, Milos, Pacific àti Atlantic. Gẹ̀ẹ́sì mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wá ń kó àwọn èrò inú wọn sínú ọkọ̀ ńlá kan tó wà ní èbúté Haifa, Patria yẹn, kí wọ́n lè kó wọn lọ sí Mauritius, erékùṣù kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú Òkun Íńdíà. Ẹ rò ó wò, ẹni tó sá fún Hitler, tó ti rí òkè Haifa lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ní kó padà sórí òkun.

Haganah ló gbé bọ́ǹbù síbẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wọlé ń jẹ́ Munya Mardor, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ èbúté wọlé bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì rí ọ̀nà fi bọ́ǹbù náà lé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́wọ́. Wọn ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni rárá, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí bọ́ǹbù náà lu ọkọ̀ níhò díẹ̀, kó má lè rìn, kí wọ́n lè fi ìyẹn ráyè bẹ ìjọba. Ọkọ̀ yẹn ti gbó, irin rẹ̀ ò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò, bọ́ǹbù náà sì ti le jù. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ November 25, ó bú, ihò ńlá là sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti dojú dé sínú omi, níwájú gbogbo ìlú. Èèyàn 267 ló kú. Àwọn tó há sísàlẹ̀ ọkọ̀ ò ráyè jáde.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ fáráyé pé àwọn èrò ọkọ̀ ló pa ara wọn torí wọn ò fẹ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1957 ni Mardor fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé òun lòun gbé e wọlé. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ yẹn lọ, ọdún mẹ́tàdínlógún ni kò fi mọ ẹni tó ṣe é.

Àwọn tó yè nínú Patria, ìjọba jẹ́ kí wọ́n dúró. Àwọn èrò Atlantic tó ṣẹ́ kù, bíi 1,580, ni wọ́n kó lọ sí Mauritius ní December, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di August 1945, ó lé ní 120 lára wọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn bọ́ǹbù yìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ akọni máa rántí Patria. Èmi ò ní gbàgbé.

Abú Ìlọrin:

As-salaamu alaykum gbogbo ilé. Mo ka gbogbo ohun tí Tíṣà kọ, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Màmá Ṣadé sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn onílé. White Paper yẹn ò kàn ṣàdédé jáde o. Láti 1936 títí dé 1939 làwọn Lárúbáwá Palẹstínì ti dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó di ogun, Gẹ̀ẹ́sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n so èèyàn kọ́, wọ́n lé àwọn olórí wọn kúrò nílùú. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ò ṣòro láti mọ̀, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nílẹ̀ yẹn, kódà lẹ́yìn ogun, nínú èèyàn mẹ́ta méjì ló jẹ́ Lárúbáwá, wọ́n sì ń wò ó pé táwọn tó ń bọ̀ bá ń pọ̀ sí i, lọ́jọ́ kan wọ́n máa gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1948, ó tó 700,000 wọn tó di ẹni tí kò nílé mọ́. Ẹ̀rù tí wọ́n ń bà ò já sófo.

Mi ò sọ pé kí wọ́n dá ẹni tó ti Belsen bọ̀ padà sínú òkun, ìwà ìkà nìyẹn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹṣẹ̀ Jámánì ni, Yúróòpù ló ṣe é, Amẹ́ríkà náà ti ilẹ̀kùn tiẹ̀, wọ́n wá ní kí àgbẹ̀ tó wà ní Gálílì san gbèsè náà. Kó wà nínú ìdáhùn náà, kí àbúrò wa má rò pé àárín ẹni méjì péré lọ̀rọ̀ náà wà.

Ọmọ Èkó ní Peckham:

Abú, ẹ ṣeun, ó yẹ kó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe àwọn Júù nìkan ló ń yọ́ fi bọ́ǹbù sára ọkọ̀ nígbà yẹn o. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe é! Lọ́dún 1947 bọ́ sí 1948, MI6, àwọn amí wọn, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Operation Embarrass. Wọ́n rán àwọn èèyàn lọ sí èbúté Ítálì pẹ̀lú bọ́ǹbù onímàgínẹ́ẹ̀tì tó ní aago lára, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí àwọn Júù fẹ́ fi rìnrìn àjò kó tó di pé èrò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ márùn-ún ni wọ́n lọ bá, ọ̀kan bàjẹ́ tán pátápátá, méjì míì fara gbọgbẹ́. Wọ́n ti kọ́ wọn ní irọ́ tí wọ́n máa pa tọ́wọ́ bá tẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ní ìgbafẹ́ lórí omi làwọn bá wá. Wọ́n tiẹ̀ dá orúkọ ẹgbẹ́ Lárúbáwá kan sílẹ̀ tí kò sí láyé yìí, kí wọ́n lè rí ẹni di ẹ̀bi rù. Abú ẹ ẹ̀ rí i, àwọn èèyàn yín tún ni wọ́n fẹ́ fi purọ́. Ọdún 2010 ni ayé tó mọ̀, nígbà tí wọ́n gbé ìtàn MI6 tí ìjọba fọwọ́ sí jáde. Ìjọba tó ń pe Palyam ní ọ̀daràn, irú bọ́ǹbù kan náà ló ń lò.

Ìkejì kan ilé wa gan-an. Mínísítà tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ àkóso láti October 1946 ni Arthur Creech Jones. Òun ló ń mójú tó Palẹstínì, òun náà ló ń mójú tó Nàìjíríà. August 1947 tí Zik kó àwọn aṣojú NCNC wá sí London láti tako ìwé òfin Richards, tí màmá wa Funmilayo Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta bá wọn wá, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, Creech Jones yìí ni wọ́n lọ bá. Ó ní kí wọ́n padà sílé lọ lo òfin tó wà nílẹ̀ ná. Nínú oṣù yẹn kan náà, àwọn èrò ọkọ̀ Exodus 1947, ọkọ̀ àwọn Júù kan tí Gẹ̀ẹ́sì mú lórí òkun tó sì kó èrò rẹ̀ padà, jókòó sínú ọkọ̀ mẹ́ta ní Port-de-Bouc ní Faransé nínú ooru, wọn ò gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Mo ń gbé London yìí láti kékeré, kò sẹ́ni tó kọ́ wa níléèwé pé ọ̀fíìsì kan náà ni wọ́n ti ń pàṣẹ méjèèjì.

Ọmọ Ìbàdàn:

Háà! Mi ò mọ ti Creech Jones yẹn rárá, ẹ ṣeun gan-an ni. Màmá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó dùn mí pé mo béèrè ọ̀rọ̀ Patria bí ẹni béèrè ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Abú ẹ ṣeun sà.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì sọ ti ọwọ́, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn. Báwo lèèyàn ṣe ń wẹ̀ lọ bá ọkọ̀ tí sójà ń ṣọ́? Ẹ sì dáhùn ìbéèrè mi kẹta, ṣé bọ́ǹbù ló lé wọn lọ?

Tíṣà Ìtàn:

Mò ń bọ̀, iná ló lọ lọ́dọ̀ wa.

Láti August 1946 ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀. Kámpù Atlit ti kún, Gẹ̀ẹ́sì wá pinnu pé gbogbo ẹni táwọn bá mú lórí òkun, erékùṣù Cyprus làwọn máa kó wọn lọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ fún un, Empire Heywood, Empire Rival, Ocean Vigour, wọ́n fi wáyà kọ́ bíi kéèjì sí i. Ní èbúté Haifa, sójà á fipá fa èèyàn láti inú ọkọ̀ tó gbé wọn wá, wọ́n á fín oògùn kòkòrò sí wọn lára, wọ́n á dà wọ́n sínú kéèjì yẹn.

Oṣù yẹn náà ni àwọn ọmọ Palyam wẹ̀ lọ bá Empire Rival nínú èbúté Haifa, wọ́n lẹ bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì lu ihò sí i lára. Yohai Ben-Nun ló ń darí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọkùnrin tó wá di ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Ísírẹ́lì lẹ́yìn náà. Wọn ò ní ìgò afẹ́fẹ́ tí àwọn òmùwẹ̀ ayé òde òní ń gbé sẹ́yìn. Wíwẹ̀ ni, lóru, bọ́ǹbù so mọ́ wọn lára, wọ́n á sì rọra yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù kéékèèké sínú omi èbúté láti alẹ́ dòwúrọ̀, torí tí èyí bá bú nítòsí ẹni tó ń wẹ̀, ìgbì rẹ̀ lásán lè fọ́ ọ nínú. Àwọn ará Haifa ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn, gbì, gbì, ní gbogbo òru. Ọmọdékùnrin ọmọ ogún ọdún tó mọ̀ pé ìyẹn wà nínú omi, tó ṣì bọ́ aṣọ tó wọ omi yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí Haifa wá le jù, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. April 1947, wọ́n fi bọ́ǹbù ba Ocean Vigour jẹ́ ní Famagusta, ní Cyprus gan-an, láti ọwọ́ àwọn tó wà níbi tí wọ́n há wọn mọ́. July 23, 1947, bọ́ǹbù bú nínú Empire Lifeguard ní Haifa, ọkọ̀ náà sì jókòó sísàlẹ̀ èbúté kí wọ́n tó tún gbé e léfòó. Empire Rival náà ò sì bọ́, nígbà tí wọ́n já àwọn èrò Exodus sílẹ̀ ní Hamburg ní September, wọ́n bá bọ́ǹbù nínú rẹ̀, wọ́n ti yí aago rẹ̀ kó lè bú lẹ́yìn tí gbogbo èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n Patria níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó yé ọ, torí àwọn èèyàn máa ń da gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Láti October 1945 Haganah àti ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ Júù méjì míì, Irgun àti Lehi, jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní June 1946 Palmach fọ́ àwọn afárá tó so ilẹ̀ náà mọ́ àwọn ìlú tó yí i ká, wọ́n pàdánù ọmọ mẹ́rìnlá níbi ẹyọ afárá kan ní Achziv. Gẹ̀ẹ́sì fìyẹn kó nǹkan bíi 2,700 èèyàn ní June 29. Lẹ́yìn náà ni Irgun fọ́ òtẹ́ẹ̀lì King David ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, ní July 22, èèyàn 91 kú, Gẹ̀ẹ́sì, Lárúbáwá, Júù, àwọn akọ̀wé àtàwọn tó ń gbé oúnjẹ. Ibẹ̀ ni Haganah ti já ara rẹ̀ gbà. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan míì àfi ohun tí ìjọba bá ń lò láti dá ọkọ̀ padà. Irgun àti Lehi ń bá tiwọn lọ, wọ́n ń pa sójà, wọ́n ń so wọ́n kọ́. Tẹ́nì kan bá ń sọ fún ọ pé àwọn Júù abẹ́lẹ̀ ṣe báyìí, bi í pé ẹgbẹ́ wo.

Ṣé bọ́ǹbù ló lé wọn lọ? Èmi ò gbà. Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bíi 100,000 sójà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti fi gbèsè pa á, ó yá owó lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 1946, ó ń múra láti fi Íńdíà sílẹ̀. February 1947 ló ti sọ pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà fún àjọ UN, kó tó di pé Exodus gbéra rárá. Ìṣirò owó wà níbẹ̀, àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá kún àárẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n tó o bá bi mí ohun tó ba ìjọba yẹn lójú jẹ́ jù, mi ò ní mú bọ́ǹbù kankan. Màá mú July 18, 1947. Exodus kó èèyàn bíi 4,500 láti Sète. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú òkun gbangba, sójà fò wọ̀ ọ́, àwọn èrò ń ju agolo oúnjẹ àti ọ̀dùnkún lù wọ́n, ìjà náà gba wákàtí mélòó kan, èèyàn mẹ́ta kú. Nígbà tí wọ́n fà á dé Haifa, méjì nínú ìgbìmọ̀ tí UN rán wá, Sandström ará Sweden tó jẹ́ alága wọn àti Simić ará Yugoslavia, dúró ní èbúté, wọ́n fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń fa aboyún àti ọmọdé láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì wá kó wọn padà sí Faransé, wọ́n kọ̀, ó sì kó wọn lọ sí Jámánì. Jámánì o! Àwọn tó ti kámpù Jámánì jáde. Kò sí bọ́ǹbù tó lè ṣe èyí fún wọn.

Màmá Ṣadé:

Tíṣà ẹ ṣeun. Ohun kan ló kù tí ẹ ò sọ. Rédà tí wọ́n fọ́, ọkọ̀ tí wọ́n rì, ìkankan nínú wọn ò fi ẹyọ kan lé 1,500 lóṣù yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ lẹ́yìn ogun ni wọ́n mú. Bíi 52,000 èèyàn ló gba Cyprus kọjá, nínú àgọ́ àti ilé páànù, wọ́n ń lóyún níbẹ̀ wọ́n ń bímọ níbẹ̀, ọmọ bíi 2,000 ni wọ́n bí sẹ́yìn wáyà. Kódà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Palẹstínì ní May 1948, tí orílẹ̀-èdè ti dá sílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó tó jagun kúrò ní Cyprus, àwọn ìyàwó àtọmọ ń dúró tì wọ́n. February 1949 ni àwọn tó kẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn:

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ mà. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ṣí òmíràn fún wa lórí kámpù Cyprus yẹn, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé ìwé fáwọn ọmọ níbẹ̀.